Ọjọ́ Tí Mo Ní A Tẹ Wáyà

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, nílé bàbá bàbá mi ní Ṣakí, ẹnu mi kì í dákẹ́. Bí ìyá mi bá rán mi níṣẹ́ iyọ̀, kí n tó padà dé, gbogbo àdúgbò ti mọ ohun tí a fẹ́ sè. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí lónìí kò ní gbà mí gbọ́, torí ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ẹnìkan bá bi mí bóyá oúnjẹ ti jinná, mo máa ń kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kí n tó dáhùn. Òótọ́ lẹ sọ. Ìdí rẹ̀ ni mo jókòó láti kọ sílẹ̀ fún yín. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, ẹ má bínú. Bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn.

Bàbá mi ní àbúrò kan tí gbogbo àwa ọmọdé ilé ń pè ní Bàbá Kékeré. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló ń ṣe. Ó ti bá òyìnbó kan tó ń la ọ̀nà ní agbègbè wa ṣiṣẹ́ rí, nígbà tí òyìnbó náà sì ń padà sí ìlú rẹ̀, ó fi kàkulétọ̀ rẹ̀ ta Bàbá Kékeré lọ́rẹ. Kì í ṣe irú kàkulétọ̀ tí àwọn aláṣọ ń tẹ̀ lọ́jà o. Ojú tirẹ̀ fẹ̀. Tí a bá wọn ilẹ̀ tán, tí a kọ bí ó ṣe gùn tó àti ibi tí ó ti ṣẹ́rí sínú rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ya ilẹ̀ náà sí ojú ara rẹ̀, ní àmì tótòtó dúdú, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèrà ń tò lọ lára ògiri. Mo lè jókòó tì í láti ìrọ̀lẹ́ títí wọn yóò fi pè wá jẹun.

Àléébù kan ṣoṣo ló ní. Bí bátìrì rẹ̀ bá ti kú, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ nìyẹn, bí ẹni pé a kò wọn ilẹ̀ kankan rí. Bátìrì rẹ̀ kì í sì í ṣe irú èyí tí à ń fi sínú tọ́ọ̀ṣì. Pẹlẹbẹ ni, ó rí bí kọ́bọ̀. Ìbàdàn ni wọ́n ti ń rí i rà, nígbà mìíràn wọ́n á dé Ìbàdàn, wọn ò ní rí i. Ilẹ̀ tí Bàbá Kékeré fi ọjọ́ mẹ́rin wọ̀n nínú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ti dànù bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ náà, kò jẹun.

Ṣùgbọ́n ihò kékeré kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kàkulétọ̀ náà, ó ní ìdérí tirẹ̀. Òyìnbó ti sọ pé wọ́n ń so àpótí kan mọ́ ibẹ̀, kí àpótí náà lè máa kó ohun tó wà nínú kàkulétọ̀ lọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, irú kásẹ́ẹ̀tì tí à ń fi gbọ́ wáàsí àti orin. Àpótí ti òyìnbó ti jóná, ó sì fi òkú rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá Kékeré tú òkú àpótí yìí palẹ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń tún rédíò ṣe jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ń jó o, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́, wọ́n ń bú u. Nígbà tí wọ́n máa ṣe tán, inú agolo mílíìkì ni wọ́n to gbogbo rẹ̀ sí. Wáyà kan jáde lára agolo náà lọ sí kàkulétọ̀, wáyà kejì lọ sí rédíò kásẹ́ẹ̀tì wa.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, igbe kan jáde láti inú rédíò, ó dà bíi ti ẹgbàágbèje ìrẹ̀ tí wọ́n dì sínú ìkòkò kan. Àwọn adìẹ sá kúrò nísàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá àgbà yọjú láti ilé ìdáná pẹ̀lú omorogùn lọ́wọ́.

"Ta lẹ dè mọ́lẹ̀ síbẹ̀ yẹn?"

"Kò sẹ́nìkan, Ìyá. Ilẹ̀ tí mo wọ̀n lánàá ni. Ó ń wọ inú kásẹ́ẹ̀tì."

Ìyá àgbà wo agolo, ó wo rédíò, ó wo ọmọ rẹ̀. "Àti iṣu tó wà lórí ilẹ̀ náà?"

Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Wàyí o, ẹnu wáyà tí Bàbá Kékeré ṣe fúnra rẹ̀ kò bá ihò kàkulétọ̀ mu dáadáa. Ó ń mì. Bí ó bá mì lásìkò tí igbe ń lọ, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ẹnìkan gbọ́dọ̀ fi ìka tẹ wáyà mọ́ ihò náà títí tí igbe yóò fi dákẹ́. Èmi ni iṣẹ́ yìí bọ́ sí lọ́wọ́, torí ìka mi tín-ín-rín. "Ó yá, tẹ wáyà!" ni Bàbá Kékeré máa wí. N ó sáré wá, n ó tẹ̀ ẹ́, n kò ní mira. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń ka Fátíà nínú, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé kéú, tí mo bá sì ti dé Àmín ẹlẹ́ẹ̀kẹta, igbe á ti parí. Bí a bá fẹ́ dá ilẹ̀ padà láti orí kásẹ́ẹ̀tì sínú kàkulétọ̀, bákan náà ni, àmọ́ ohùn rédíò kò gbọdọ̀ pọ̀ jù, kò gbọdọ̀ kéré jù. Bàbá Kékeré mú ọ̀dà pupa tí ìyàwó rẹ̀ fi ń kun èékánná, ó fi sàmì sí ibi tí ohùn náà gbọ́dọ̀ dé. Ìyàwó rẹ̀ bá a jà fún ọjọ́ mẹ́ta.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ilé ìwé, Bàbá Kékeré á gbé mi síwájú lórí ọ̀kadà rẹ̀, ọ̀pá ìwọnlẹ̀ á dúró tì mí bí ẹni ń gbé àsíá. Àwọn òkúta ńlá tó yí ìlú wa ká á máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Òórùn koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jó, àwọn igi èmí àti igi igbá tí wọ́n dá dúró láàárín oko ọkà bàbà, àwọn obìnrin Fúlàní tí wọ́n gbé igbá wàrà lérí tí wọ́n ń fọwọ́ kí wa. Bí mo bá dijú báyìí, ó wà níbẹ̀.

Ní ìparí ìkórè ọdún kan, bàbá àgbà ní kí Bàbá Kékeré bá òun wọn oko òun tó wà lójú ọ̀nà bodè. Ojú bàbá àgbà ti ń ṣú lọ, kò lè rìn dé oko mọ́, ó sì fẹ́ kí ẹnìkan sọ fún òun bí oko náà ṣe rí láti ìkángun dé ìkángun, kí ojú náà tó fọ́ tán. Ọjọ́ Sátidé ni a lọ. Bàbá Kékeré rí i láàárọ̀ pé bátìrì kàkulétọ̀ ti fẹ́ kú, nítorí náà ó gbé rédíò àti agolo dání lọ sóko. A wọ̀n ọ́n tán ní ọ̀sán, a jẹ iṣu sísun, a sì jókòó sábẹ́ igi èmí. Ó ní, "Ó yá, tẹ wáyà!" Mo tẹ̀ ẹ́. Oko bàbá àgbà wọ inú kásẹ́ẹ̀tì láì ṣẹ́ ku.

Nígbà tí à ń bọ̀ nílé ni wọ́n dá wa dúró.

Ìjọba ológun ló wà lóde nígbà náà. Àwọn sójà àti àwọn aṣọ́bodè pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn nítorí fàyàwọ́. Ìròyìn sì ti ń kiri pé àwọn kan wà tó ń ta àwọn onífàyàwọ́ lólobó ibi tí sójà lúgọ sí. Ẹni tí wọ́n bá fura sí, inú lọ́rì wọn ni wọ́n ń jù ú sí, á di bárékè. Ọkùnrin kan ní àdúgbò wa ti wọ lọ́rì náà ṣáájú ìkórè. Títí di ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ìyàwó rẹ̀ kò tíì gbúròó rẹ̀.

Wọ́n tú àpò wa. Wọ́n rí ọ̀pá, wọ́n rí okùn ìwọnlẹ̀, wọ́n rí rédíò, wọ́n rí kàkulétọ̀, wọ́n wá rí agolo mílíìkì tí wáyà jáde lára rẹ̀. Ọ̀gá sójà wọn kò gbọ́ Yorùbá. Ó mú Bàbá Kékeré lọ sí abẹ́ àtíbàbà, ó ń bi í léèrè. Aṣọ́bodè àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwa ló wá bá èmi. Ó lóṣòó tì mí, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá mi, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, sà. Iṣu sísun ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ni bọ̀ọ̀dá yìí ń fi agolo ṣe?"

Inú mi dùn pé àgbàlagbà bi mí ní ohun tí mo mọ̀. "Bàbá Kékeré mi ni, sà. Wọ́n máa ń wọn ilẹ̀, wọn á kọ ọ́ sínú kàkulétọ̀. Tí wọ́n bá parí, a ó tẹ wáyà."

"Ẹ ó tẹ wáyà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi gan-an ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́."

"Ta lẹ ń tẹ̀ ẹ́ sí?"

"Rédíò ni, sà."

Ó wo agolo náà. "Ìgbà wo lẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn?"

"A ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tán ni. Lábẹ́ igi èmí."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n pa fìtílà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ó lè má yé yín. Láyé ìgbà náà, tí ọ̀rọ̀ kánjúkánjú bá wà, bóyá ẹnìkan kú tàbí ẹnìkan bímọ, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ń lọ láti tẹ wáyà sí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Ọ̀rọ̀ á gba ojú wáyà dé ìlú kejì, wọn á kọ ọ́ sórí ìwé, wọn á gbé e fún onítọ̀hún. Ohun tí gbogbo àgbàlagbà mọ̀ sí títẹ wáyà nìyẹn. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí èmi mọ̀ ni kí n fi ìka tẹ wáyà mọ́ ihò. Baba tó bi mí léèrè yìí sì ti ṣe ìránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀, ó ti gun kẹ̀kẹ́ gbé wáyà kiri ojúlé onílé. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu mi ni pé a ń wọn ibi tí sójà wà, a sì ń ránṣẹ́ rẹ̀ sí ibi kan nínú rédíò.

Ó dìde, ó lọ sọ fún ọ̀gá sójà. Mo rí i tí sójà náà yíjú wò mí, tó tún wo Bàbá Kékeré. Wọ́n ní kí Bàbá Kékeré kúnlẹ̀. Ọ̀gá sójà mú kàkulétọ̀, ó ṣí ìdí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bátìrì rẹ̀ láti wò bóyá nǹkan wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá Kékeré kígbe, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́!" Igbe yẹn ló tún ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Wọ́n yọ ọ́. Wọ́n dá a padà, àmọ́ ohun tó wà nínú kàkulétọ̀ ti lọ. Sójà kejì yí ohùn rédíò sókè pátápátá, ó tan kásẹ́ẹ̀tì. Igbe ìrẹ̀ bú jáde. Gbogbo wọn fò sẹ́yìn. Wọ́n wojú ara wọn, wọ́n ní àṣírí ọ̀rọ̀ ni, pé ẹ̀rí ti pé. Ẹnìkan lọ tan lọ́rì.

Mo dúró níbẹ̀. Ẹnu tí kì í dákẹ́ ti gan. Mo mọ̀ pé èmi ni mo sọ nǹkan kan, n kò sì mọ èwo nínú ohun tí mo sọ ló burú.

Bàbá Kékeré ló sọ̀rọ̀ láti orí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, oko bàbá mi ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Ọmọ yìí mọ bí wọ́n ṣe ń mú un jáde. Ẹ jẹ́ kó fi hàn yín. N kò ní fọwọ́ kàn án."

Baba aṣọ́bodè wò ó, ó wò mí. Ó bá ọ̀gá sójà sọ̀rọ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó fa Bàbá Kékeré dìde, ó mú un lọ sí ẹ̀yìn àtíbàbà níbi tí n kò ti lè rí i, ó fún un ní igi kan. "Ya oko bàbá ẹ sílẹ̀ níbí. Tí ohun tí ọmọ yẹn bá mú jáde kò bá bá eléyìí mu, ẹ ó wọ lọ́rì." Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ibi tí mo wà.

Mo dá kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo so wáyà mọ́ rédíò. Mo so wáyà kejì mọ́ kàkulétọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ihò, mo fi ọwọ́ kejì di ìka náà mú. Kásẹ́ẹ̀tì kígbe, mo ka Fátíà lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń pàdánù ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ṣoṣo ló jáde lójú kàkulétọ̀, èyí tó máa ń jáde nígbà tí kò bá gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún un. Ọ̀gá sójà pòṣé. Awakọ̀ lọ́rì fun fèrè.

Ibẹ̀ ni ojú mi lọ sí ọ̀dà pupa. Wọ́n ti yí ohùn kọjá rẹ̀ lọ jìnnà.

N kò mọ ibi tí mo ti rí ohùn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ̀yin lẹ yí i sókè. Ẹ jẹ́ kí n yí i wálẹ̀ sí ibi ọ̀dà." Baba aṣọ́bodè túmọ̀ rẹ̀. Sójà náà ṣe ọwọ́ pé kí n máa ṣe é. Mo dá kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn, mo yí ohùn wálẹ̀, mo tẹ wáyà. Lọ́tẹ̀ yìí n kò mí. Nígbà tí mo ṣe Àmín ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ojú kàkulétọ̀ mọ́ kedere, lẹ́yìn náà ni èèrà àkọ́kọ́ jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀nà, ó gba ìdí àkùrọ̀, ó gòkè, ó dé ibì kan, ó yà bí ìgbọ̀nwọ́, ó tún tọ́, ó sì padà wá pa ẹnu dé níbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n tú wáyà kúrò, wọ́n gbé kàkulétọ̀ lọ sẹ́yìn àtíbàbà, mo tẹ̀ lé wọn. Lórí erùpẹ̀ ni oko bàbá àgbà wà, ó tóbi tó ẹní, ó yà ní ibi tó yà, ó pa ẹnu dé ní ibi tó pa ẹnu dé. Ọ̀gá sójà lóṣòó, ó gbé kàkulétọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo ti erùpẹ̀, ó wo ti ojú kàkulétọ̀. Ohun tó sọ kò ju ọ̀kan lọ.

"Gona."

Baba aṣọ́bodè mí kanlẹ̀. "Ó ní oko ni."

"Oko ni, Bàbá," ni Bàbá Kékeré wí.

Sójà náà fi ìka lé ibi tó yà bí ìgbọ̀nwọ́, ó ní kí wọ́n bi í léèrè ìdí tó fi yà. Bàbá Kékeré ní igi èmí tí ìyá ẹlòmíràn ń ṣa èso rẹ̀ ló wà níbẹ̀, pé ẹni tó kọ́kọ́ dá oko náà yí i ká, kò gé e. Sójà náà mi orí. Ó ní oko bàbá òun náà yà fún irú igi bẹ́ẹ̀. Ó gba igi ọwọ́ Bàbá Kékeré, ó jù ú nù, ó ní kí awakọ̀ pa lọ́rì.

Nígbà tí wọ́n kó ẹrù wa fún wa tán, baba aṣọ́bodè fa etí mi, kò fà á le. "Ìyá mi, tí wọ́n bá tún bi ọ́, sọ pé o di ihò mú. Má tẹ wáyà fún ẹnikẹ́ni mọ́."

Bàbá Kékeré wa ọ̀kadà títí a fi ń rí àwọn òkúta ìlú wa. Mo ń sunkún lórí ọ̀kadà, mo ń gbé e mì. Ó wá tẹ́nu mọ́ etí mi, ó fi ohùn baba aṣọ́bodè sọ̀rọ̀: "Ta lẹ ń tẹ̀ ẹ́ sí?" Ó dá ara rẹ̀ lóhùn pẹ̀lú ohùn mi: "Rédíò ni, sà!" Ó rẹ́rìn-ín títí ọ̀kadà fi ń yà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo mọ̀ pé kí n lè rẹ́rìn-ín ló ṣe rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé ti ń pè mí ní Oníwáyà. Bàbá Kékeré kò sì bá mi wí rí, títí tí Ọlọ́run fi gbà á.

Nígbà tí a délé, bàbá àgbà jókòó sọ́dẹ̀dẹ̀, ó ń retí wa. Kò lè rí ojú kàkulétọ̀. Bàbá Kékeré ní kó na ọwọ́, ó sì fi ìka rẹ̀ ya oko náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, láti ojú ọ̀nà yí po. Bàbá àgbà ń bá a mi orí lọ. Nígbà tí ìka dé ibi tó yà, ó ní, "Ẹ ò gbàgbé igi èmí."

Ayé ti yí. Àwọn ọmọ mi ń fi àwòrán ránṣẹ́ láti fóònù dé fóònù, wọn kò so wáyà kankan mọ́ra, ẹnikẹ́ni kò sì ní láti dúró láì mí. Wọ́n ń wọn ilẹ̀ láti ojú ọ̀run pàápàá. Kò sẹ́ni tó tún ń lọ tẹ wáyà nílé ìfìwéránṣẹ́, ọ̀rọ̀ tó fẹ́ gbé Bàbá Kékeré lọ bárékè ti kú kúrò lẹ́nu ènìyàn. Ilé ti bo oko bàbá àgbà, ilé epo wà ní ìdí àkùrọ̀, wọ́n sì ti gé igi èmí. Kàkulétọ̀ ti kú tipẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì náà ló kù, ó wà nínú àpótí aṣọ mi. Odidi oko náà wà nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tó lè gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Níjọ́sí, ọmọbìnrin àbúrò mi rí i níbi tó ti ń wá ìborùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Màámi, orin ta ló wà nínú èyí?"

Mo kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà mo ní kó na ọwọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀nà, mo gba ìdí àkùrọ̀, mo gòkè, mo sì yà fún igi èmí.